Ohun Tí Páńẹ́ẹ̀lì Ń Bò Mọ́lẹ̀

Bí Iléyá bá ti ku oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, Ìjẹ̀bú-Òde a bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó, l'Ábùjá àti lókè òkun ń bọ̀ wá ṣe ọdún Ojúde Ọba tó ń tẹ̀lé Iléyá, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ojúgbà, kọ̀ọ̀kan á máa gba àlejò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí pálọ̀ òun dójú ti òun. Ohun tó dára ni. Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń padà wá tún ilé bàbá wọn ṣe, ìlú tó wà láàyè ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, gbogbo ọ̀rọ̀ àtúnṣe ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìbéèrè kan ṣoṣo: irú páńẹ́ẹ̀lì wo la ó fi bo ògiri? Ṣé onílà gbọọrọ tó fara jọ pákó ni, àbí pẹpẹ ike tó ń dán bíi máábù, àbí èyí tó yọ gọ́ńgọ́-gọ́ńgọ́ tí wọ́n ń pè ní 3D, àbí fóòmù alálẹ̀mọ́ tí wọ́n ya àwòrán bíríkì sí lára? Èrò tó gbòde ni pé pálọ̀ tí kò ní páńẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn tẹlifíṣàn, pálọ̀ ilé tí kò tíì parí ni, àti pé ọgbọ́n onílé kò ju kó mọ èyí tó bá àga àti kọ́tìnnì rẹ̀ mu lọ. Mo lòdì sí èrò yìí láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Kì í ṣe pé a kò mọ páńẹ́ẹ̀lì yàn. Ìbéèrè náà gan-an ni kò tọ́. Ní ilẹ̀ tó lómi lára tó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹni tó fi ike bo ògiri rẹ̀ ń ba ògiri náà jẹ́ ni, ẹ̀ṣọ́ tó sì yẹ ògiri wa ni èyí tó bá ti ara ògiri náà jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí à ń bò. Púpọ̀ nínú ilé ìgboro wa, búlọ́ọ̀kù iyanrìn àti sìmẹ́ńtì ni. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú nígbà tó yá ni. Àtamọ̀ àti búlọ́ọ̀kù ló ní ihò wínníwínní tí ojú kò rí, omi inú ilẹ̀ sì ń gba inú àwọn ihò yìí gòkè láti ìdí ilé bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Bí bíríkìlà bá tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sórí ìpìlẹ̀ kó tó máa to búlọ́ọ̀kù lọ, omi kò ní ríbi gbà. Àwọn tó tẹ́ ẹ kò pọ̀. Láti oṣù kẹrin títí dé ìkẹwàá, òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ń mu, ògiri náà sì ń mu nínú rẹ̀. Ohun tó ń gba ògiri là ni pé ojú rẹ̀ ṣí sí afẹ́fẹ́: omi tó gòkè láti ìsàlẹ̀ ń ti ojú ògiri bá afẹ́fẹ́ lọ, ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ á sì fa èyí tó kù gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dà fi ń bó ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ń hù síbẹ̀. Kò wu ojú, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ fún onílé: ó ń sọ fún un pé omi wà nísàlẹ̀ ilé rẹ̀, ó sì ń fi ibi tó wà hàn án.

Ẹ wá fi pẹpẹ ike lé ibẹ̀. Omi kò ní torí ẹ̀ dáwọ́ dúró. Ojú tó ń gbà jáde tẹ́lẹ̀ ti dí, nítorí náà yóò máa gun òkè sí i títí yóò fi kọjá ibi tí páńẹ́ẹ̀lì parí sí, tàbí kó gba ẹ̀yìn ògiri bọ́ sí yàrá kejì. Àárín ike àti ògiri á di ibi òkùnkùn tí afẹ́fẹ́ kò dé. Gọ́ọ̀mù á rọ̀, ìṣó á dípẹtà, ara ògiri á bu dúdú, òórùn rẹ̀ á sì gba inú yàrá tí wọ́n fi owó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, torí pé ike á tutù, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná ó sì kún fún ọ̀rinrin, omi á sì máa sẹ̀ sẹ́yìn ike náà. Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, tí ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ jọ tiwa, ti rí èyí ṣáájú wa. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ lẹ bébà oníke mọ́ ògiri, wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú yàrá tutù tọ̀sán-tòru, ìgbà tí wọ́n sì ṣí bébà yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu kanlẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ níbẹ̀ ti ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ike bo inú ògiri tó kọ ẹ̀yìn síta ní irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìkìlọ̀ yìí kò bá àwọn ẹrù páńẹ́ẹ̀lì wọ ọkọ̀ wá sí etíkun wa.

Àkókò tí à ń lẹ̀ ẹ́ tún ń tàn wá jẹ. Ní 2025, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ni Iléyá bọ́ sí, Ojúde Ọba sì wáyé ní ọjọ́ kẹjọ. Iṣẹ́ àtúnṣe nígbà náà bọ́ sí ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ògiri gbẹ jù lọ lọ́dún. Onílé fọwọ́ kàn án, ó gbẹ. Ọ̀gá tó fẹ́ lẹ páńẹ́ẹ̀lì náà fọwọ́ kàn án, ó gbẹ. Wọ́n bò ó. Àlejò dé, wọ́n yin ilé, wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni òjò wá rọ̀ gidi, kò sì sí ojú tí yóò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ike títí di ìgbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú tàbí kó já bọ́.

Èsì àwọn ọlọ́jà ni pé ọjà àwọn kì í mu omi. Òótọ́ ni, PVC, irú ike tí wọ́n fi ṣe é, kì í mu omi. Ṣùgbọ́n ògiri ń mu ún, ògiri náà ló sì ru ilé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń tà á gẹ́gẹ́ bí oògùn ọ̀rinrin: wọ́n ní kí ẹni tí ògiri rẹ̀ ń bó fi páńẹ́ẹ̀lì bò ó, wàhálà tán. Ibi tí ìpalára ti pọ̀ jù nìyí. Ògiri tó ń bó ti sọ àìsàn rẹ̀; ẹni tó bò ó ti di ẹnu rẹ̀. Ìwòsàn rẹ̀ kò ṣòro mọ̀: kí omi òrùlé máa gba gọ́tà lọ, kó má máa rọ́ sí ìdí ilé; kí wọ́n da kọnkéré tó dà gẹ̀rẹ́ síta yí ẹsẹ̀ ilé ká; kí wọ́n ha sìmẹ́ńtì tó ti jẹrà kúrò dé ara búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan; kí wọ́n tó wá tún un rẹ́. Èyí tó nira nínú rẹ̀ ni fífi ohun tí yóò dènà omi há ìsàlẹ̀ ògiri tó ti dúró, bíríkìlà tó mọṣẹ́ sì ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ láti igun kan sí èkejì. Àgbà tó ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀, kò rí páńẹ́ẹ̀lì, àmọ́ gbogbo etí páńẹ́ẹ̀lì ni ẹnu tó là. Ọmọńlé, aáyán àti eku á fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ilé. Ti onípákó ayédèrú tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀, ikán á máa jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn nígbà tí iwájú rẹ̀ ṣì ń dán.

Àwọn kan á ní àwọn òyìnbó tó mọ ilé kọ́ ń fi pákó bo ògiri wọn, kí ló wá dé tiwa? Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń ṣe é láti ìgbà pípẹ́. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi pákó bo inú ààfin. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n ń gbẹ́ igi óòkù bí ẹni pé aṣọ ni wọ́n ká. Ṣùgbọ́n òtútù ló bí iṣẹ́ náà. Ògiri òkúta ní ìgbà yìnyín a máa fa ooru kúrò lára ẹni tó jókòó tì í, pákó ni wọ́n fi ya ara wọn nípa sí i. Ẹ̀ṣọ́ orí pákó náà, orí ohun tó ń ṣiṣẹ́ ló jókòó sí. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, a kò wá ooru. Ohun tí à ń fẹ́ lọ́wọ́ ògiri ni pé kó gba ooru ọ̀sán sínú ara rẹ̀ kí yàrá má baà gbóná kíákíá, bí ògiri amọ̀ tó nípọn ṣe ń ṣe láyé àwọn bàbá wa. A kó ìrísí nǹkan náà wá sílé, a fi ìdí tí wọ́n fi ṣe é sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ẹ̀rí tó lágbára jù sì wà nílẹ̀ wa. Yàrà ńlá tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀rẹdò Súngbọ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní ohun tó lé ní 160 kìlómítà. Láwọn ibìkan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀ tó nǹkan bí 20 mítà. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ló ti wà nínú igbó òjò, kò sí sìmẹ́ńtì kankan nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró ṣánṣán títí di òní ní ọ̀pọ̀ ibi. Ilẹ̀ pupa ni. Ilẹ̀ pupa yìí a máa le sí i nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án, àwọn tó wa yàrà náà sì mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n ń wa. Mo mọ̀ pé yàrà kì í ṣe pálọ̀. Ohun tí mo ń fà yọ nínú rẹ̀ ni pé amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé àwọn baba ńlá wa, amọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe lò ó nínú ilé: àwọn obìnrin a máa fi bọ́tọ́ àti omi ewé rẹ́ ògiri, wọ́n á fi ọwọ́ fa ìlà sí i kó tó gbẹ, wọ́n á sì tún un rẹ́ nígbà ọdún. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló máa ń fi àwọ̀ kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, wọ́n á sì tún un kùn nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Ẹ̀ṣọ́ náà àti ìtọ́jú ògiri, iṣẹ́ kan náà ni. Ọwọ́ tó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni ọwọ́ tó ń wá ibi tó sán.

Ibí ni alátakò tó gbọ́n ti máa mú mi, ẹ̀hónú rẹ̀ sì tó gbọ́. Yóò ní: ilé tí ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú fi ń yangàn jù lọ, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràbarà, ṣé ìṣẹ̀dálẹ̀ Ìjẹ̀bú ni? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil ló gbé iṣẹ́ náà dé Èkó. Ní 1892, Gómìnà Carter ti Èkó rán ọmọ ogun wá bá Ìjẹ̀bú jà, wọ́n ṣẹ́gun wa ní Ìmágbọ̀n. Ní oṣù keje 1894, Carter kan náà ló wà níbi ìṣílé mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó, èyí tí João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà, kọ́ pẹ̀lú Sanusi Aka. Ọ̀nà tí ogun là náà ni òwò tọ̀, tí irú ilé yìí sì gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé Ọlọ́runṣògo tí Balógun Kúkù kọ́ wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Ẹ̀ṣọ́ ara wọn tilẹ̀ jẹ́ àfarawé pọ́ńbélé: sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ òdòdó àti orí òpó tí wọ́n ń fi òkúta gbẹ́ ní ìlú Potogí. Tó bá jẹ́ pé àfarawé ni ẹ̀ṣẹ̀ páńẹ́ẹ̀lì, ẹ̀ṣẹ̀ ilé bàbá wa náà ni.

Mo gbà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé páńẹ́ẹ̀lì burú nítorí pé ó ń fara wé máábù. John Ruskin, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ kan ní 1849, ó ka ohun tó bá ṣe bí ohun mìíràn sí irọ́. Ẹjọ́ tèmi yàtọ̀. Òdòdó sìmẹ́ńtì ojú fèrèsé ilé Àgùdà, ara ògiri ló ti wú jáde. Ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri náà ni wọ́n fi mọ ọ́n. Tí omi bá dé ìdí rẹ̀, òun náà á sán, onílé á rí i. Èyí tó ṣe pàtàkì jù sì ni pé ẹni tó mọ ọ́n gbọ́dọ̀ mọ ògiri: bí àdàlù ṣe ń gbẹ, ìgbà tó yẹ kó fi ọ̀bẹ gé e, ibi tí yóò di mọ́. Àwọn Àgùdà kó ìmọ̀ dé, wọ́n sì gba ọmọ iṣẹ́. Láàárín ìran kan, àwọn bíríkìlà Yorùbá ti ń dá ṣe é láti Èkó dé Ìjẹ̀bú-Òde àti Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń fi kìnnìún àti ẹyẹ tiwọn kún òdòdó Potogí. Ohun àjèjì tó dé tó di iṣẹ́ ọwọ́ wa nìyẹn. Páńẹ́ẹ̀lì dé nínú páálí. Ohun tó kù fún wa kò ju ayùn àti gọ́ọ̀mù lọ. Ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ ń jẹun níbẹ̀, n kò bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Àmọ́ ọmọ iṣẹ́ tó bá lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní mọ ohun kan nípa ògiri, ọjọ́ tí àrà bá sì yí sí nǹkan mìíràn, òfìfo ló máa gbé lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè tún mẹ́nu ba àwọn igi gbígbẹ́ ààfin. Olówè ará Ìṣẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ó fi ọba sórí ìtẹ́ àti òyìnbó ajẹ́lẹ̀ lórí ohun tí wọ́n fi ń gbé e hàn lára rẹ̀. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, British Museum sì fi ìtẹ́ ọba kan ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ohun tí Olówè gbẹ́: ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì, àti òpó tó ru òrùlé. Kò fi igi bo ògiri ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn igi ní Ìjẹ̀bú kò sì níṣòro, nítorí igbó ọba Ọmọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1925 wà ní Ìjẹ̀bú East, igi gmelina tí wọ́n gbìn síbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ bébà Ìwòpin sì ń hù kíákíá ju àwọn gẹdú ìṣẹ̀dálẹ̀ lọ. Kó fi ṣe ilẹ̀kùn, férémù fèrèsé, ọwọ́ àtẹ̀gùn, kó sì bẹ agbẹ́gilére níṣẹ́ sí i. Bó bá di dandan pé kó fi pákó sára ògiri, kó jẹ́ ògiri inú ilé tó gbẹ, kí ó kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn pákó kí àyè wà láàárín wọn, kó sì dá ihò sí i lókè àti nísàlẹ̀. Ìwọ̀nba tí mo lè gbà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iná kò gba àsọgùn. Nǹkan bí ìdá 57 nínú 100 ìwọ̀n PVC ni kulorínì. Bó bá jóná, afẹ́fẹ́ kíkan tó ń jẹ ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń tú jáde. PVC fúnra rẹ̀ kì í tètè gbiná, àmọ́ fóòmù alálẹ̀mọ́ ń gbiná, ẹ̀yìn gbogbo wọn sì ni wáyà tẹlifíṣàn àti ti iná ń gbà. Irin adènà olè sì wà lójú fèrèsé wa, kò ní jẹ́ ká gba ibẹ̀ sá jáde. Iná tó jó ilé Grenfell Tower ní London ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà 2017 pa èèyàn 72, nítorí pé ohun tí wọ́n fi bo ara ilé náà níta, nígbà àtúnṣe tí wọ́n parí ní 2016, ló gbé iná gun òkè. Irú ike tó wà nínú tiwọn yàtọ̀, ìta ilé ni wọ́n sì fi sí. Àmọ́ àwọn náà rò pé ìbora lásán ni.

Wọ́n á ní ó dínwó, ó sì yá. Ó yá lóòótọ́: ọjọ́ kan tó fún odindi ògiri. Àmọ́ ẹni tó bá ní ó dínwó kò tíì ka owó ìtúnṣe mọ́ ọn. Ilẹ̀ China ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Ní iye tí ìjọba fi ń ṣẹ́ ẹ, dọ́là kan kò tó ₦500 ṣáájú oṣù kẹfà 2023, ó ti kọjá ₦1,500 nígbà tí 2024 fi parí. Bí ẹyọ kan bá fọ́, irú àwọ̀ rẹ̀ lè má sí lọ́jà mọ́, odindi ògiri ni yóò sì di títú. Ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ẹ̀ṣọ́ sí, ẹ̀kún ọwọ́ àdàlù kan tó láti dí ibi tó fọ́. Ní ti ayálégbé, tí kò lè fọwọ́ kan ògiri onílé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí yàrá rẹ̀ wuni. Kò yẹ kó lẹ fóòmù tí yóò bó ọ̀dà àti sìmẹ́ńtì dání lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde. Aṣọ ló yẹ kó gbé kọ́ sí i. Àwọn ahunṣọ Ìjẹ̀bú ló ń hun aṣọ olónà, tí ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ yọ sókè lára rẹ̀. Ìdè méjì tó láti gbé e kọ́, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀hónú tó kù ni ti ẹni tó ní ilé òun ni, owó òun ni, ta ló kàn. Ó kan ìlú. Àwọn tó kọ́ ilé aláràbarà níjọ́sí, ojú títì ni wọ́n kọ ẹ̀ṣọ́ wọn sí: orí fèrèsé, ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀, etí òrùlé. Ẹni tí kò ní wọ pálọ̀ wọn láéláé, ọmọ iléèwé tó ń kọjá, aláàárù, àlejò tó ń ṣìnà, gbogbo wọn ló jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí a ń náwó sí lára ilé lónìí ti yí padà wọ inú, ìta sì ti di ògiri gbọọrọ àti géètì. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ṣì wà. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó yọ ọ́ ní búlọ́ọ̀kù, ó fi kọ́lé láì fi nǹkan kan bò ó. Ilé ìjọsìn Dominican tó kọ́ n'Íbàdàn láwọn ọdún 1970 ṣì dúró, ní 2023 ni ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti Venice sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó lò kò ṣọ̀wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn bíríkìlà àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ gé ìlà sára sìmẹ́ńtì tútù ṣì kù, wọ́n sì ń dínkù. Onílé tó ní owó páńẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ lè fi gba ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ìdí ilé, kí wọ́n wá fi ìyókù mọ ẹ̀ṣọ́ sí orí àwọn fèrèsé tó kọjú sí títì, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì tó ń wo ọwọ́ rẹ̀.